Yunifásítì Ifẹ̀, iléèwé àwọn tó ní àwọn ò gbà

Ẹni tó bá ti bá ọmọ Great Ife, ìyẹn àwa tá a kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀, jiyàn rí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa kì í tètè tán. Wàá sọ ẹyọ kan, á fi mẹ́ta dá ẹ lóhùn, á ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, níbo lo ti kà á, kí ló dé tó fi jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ rí. Àwọn kan máa ń sọ pé ìgbéraga ni, pé torí pé kámpọ́ọ̀sì wa rẹwà la ṣe ń yangàn. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ o. Látìgbà tí mo ti jáde ni mo ti ń ka ìtàn ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì wá rí i pé inú ìpìlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àìgbà yẹn ti wá, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó débẹ̀, àní kí wọ́n tó gé igi kan ṣoṣo nínú igbó tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ. Mi ò lè sọ gbogbo ẹ̀ tán, ibi tó bá wọ̀ mí lára jù ni màá dúró sí.

Ní April 1959, nígbà tí òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde pé kí wọ́n wò ó, irú iléèwé gíga wo ni Nàìjíríà máa nílò fún ogún ọdún tó ń bọ̀. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Eric Ashby ni alága, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Ashby Commission. Yunifásítì kan ṣoṣo la ní nígbà yẹn, ti Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, òun náà sì ṣì wà lábẹ́ yunifásítì London. Nígbà tí ìgbìmọ̀ máa fi jábọ̀ ní September 1960, wọ́n ní kí Òkè Ọya ní tiwọn, kí Èkó ní tiẹ̀, ti Nsukka sì ti ń múra àtiṣílẹ̀kùn ní ìlà oòrùn. Ìwọ̀ oòrùn ńkọ́? Ṣebí Ìbàdàn ti wà lọ́dọ̀ yín, ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Ifẹ̀. Torí pé Ìbàdàn lóòótọ́, orí ilẹ̀ Yorùbá ló wà, àmọ́ kì í ṣe ti ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ti ìjọba àpapọ̀ ni, iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbà ò sì tó nǹkan rárá. Dókítà Ṣànyà Onabámirò, tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ Ashby yẹn fúnra ẹ̀, ò fara mọ́ ibi tí wọ́n fọ̀rọ̀ sí. Ẹ má wò ó bí olóṣèlú lásán o, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gidi ni, òun ló ṣe iṣẹ́ ńlá lórí sòbìà, lórí àwọn kòkòrò kéékèèké inú omi tó máa ń gbé sòbìà kiri, nígbà tí àrùn yẹn ṣì ń dá àwọn àgbẹ̀ wa dùbúlẹ̀ lákòókò iṣẹ́ oko. Òun kan náà ló wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹni tó ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín in, tó rí i pé wọn ò bu tiwọn, ló bá lọ sílé lọ máa gbọ́únjẹ.

Ẹ sì jẹ́ ká rò ó wò, kí ni wọn ì bá ṣe? January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wọlé lọ́dún yẹn, 1960 ni wọ́n máa jáde, tí wọ́n bá tún lo ọdún márùn-ún ní sẹ́kọ́ńdírì, tó bá máa fi di 1966 tàbí ibẹ̀ yẹn wọ́n á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Ogunlọ́gọ̀ ọmọ nìyẹn. Ìjọba tó gbé wọn wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ò lè wá sọ fún wọn pé àyè ò sí mọ́ lókè. Owó wà nígbà yẹn náà, owó kòkó. Àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè kọ orúkọ ara wọn ń ta kòkó fún Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń ra irè oko, ìjọba ń yọ tiẹ̀ nínú owó yẹn, òun ni wọ́n fi ń kọ́ iléèwé, òun ni wọ́n fi dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1959, òun náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yunifásítì. Nígbà tí mo wà ní Part 1, ọdún àkọ́kọ́ mi, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tá a bá ti wọlé, pé ẹ wo ilé yìí, àwọn tí ò kàwé ló fowó wọn kọ́ ọ.

1961 ni òfin tó dá a sílẹ̀ jáde, Akíntọ́lá ni Premier, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí sì ni gómìnà. October 1962 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 244, fákọ́tì márùn-ún: iṣẹ́ àgbẹ̀, arts, ètò ọrọ̀ ajé, òfin, àti sáyẹ́ǹsì. Àmọ́ kì í ṣe Ifẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o, Ìbàdàn ni, ibi tí Poly Ìbàdàn wà lónìí yìí. Ẹ sì wo irú ọdún tó jẹ́. May 1962 ni wọ́n ju àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìlú ò fara rọ, wọ́n yan alábòójútó lé Ìwọ̀ Oòrùn lórí, wọ́n ká Awólọ́wọ̀ mọ́lé, kó sì tó di òpin ọdún ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ sí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. Àárín gbogbo ìyẹn ni wọ́n ti ń pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì. Mo máa ń ronú sí i gan-an ni. Ìjọba tó dá a sílẹ̀ ti ń tú ká lójú wọn, àwọn olùkọ́ ṣì ń wọ kíláàsì.

Òṣèlú yẹn náà ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn olùkọ́ ìgbà yẹn, kò sì pẹ́ tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀ torí pé àwọn aláṣẹ fẹ́ kí àwọn olùkọ́ máa gbè sẹ́yìn ìjọba. Vice-Chancellor àkọ́kọ́, ìyẹn ọ̀gá àgbà yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Ajose, ṣiṣẹ́ títí di 1966. Lẹ́yìn ìyẹn ni Hezekiah Olúwasanmí dé.

Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni Olúwasanmí, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀, Harvard ló ti gba Ph.D. ẹ̀. Ó lo 1966 sí 1975 lórí àga yẹn, ní tèmi o, kò tíì sí ẹni tó ṣe tó o níbẹ̀. Òun ló kó yunifásítì kúrò n'Íbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ní 1967, lọ́dún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹlòmíì á ti sọ pé ẹ jẹ́ ká dúró ná kí ìlú rọ̀. Lọ́dún yẹn náà ni Awólọ́wọ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní 1966, di Chancellor ibẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ mọ bó ṣe rí téèyàn bá wọlé láti géètì, Road 1 gùn lọ rẹrẹ, igi lọ́tùn-ún lósì, òkè níwájú, ilé kankan ò tíì yọjú, tó bá wá yọjú, ó yàtọ̀ sí gbogbo ilé téèyàn ti rí rí. Àkítẹ́ẹ̀tì ará Ísírẹ́lì kan, Arieh Sharon, ló ya ètò kámpọ́ọ̀sì yẹn, òun àti Eldar ọmọ ẹ̀. Iléèwé Bauhaus ní Jámánì ni Sharon ti kọ́ṣẹ́, àmọ́ kò wá gbé ilé Jámánì lé wa lórí. Ẹ wo ilé Humanities dáadáa lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún débẹ̀: àjà òkè fẹ̀ ju tìsàlẹ̀ lọ, èyí tó wà lókè ẹ̀ tún fẹ̀ jù ú lọ, tó fi jẹ́ pé àjà kọ̀ọ̀kan ni agboòrùn fún èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀. Oòrùn ò ráyè wọlé tààrà, òjò ò lè fẹ́ wọ kíláàsì, atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ ilé kọjá fàlàlà torí pé orí òpó ni wọ́n gbé e kà. Kò nílò ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí ìjọba ń kọ́ lóde òní, tẹ́ ẹ bá mú iná kúrò ńbẹ̀ fún wákàtí kan, kò sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Àwọn tó kọ́ Humanities ronú lórí oòrùn wa àti òjò wa kí wọ́n tó da kọnkéré, ìyẹn ló ń wú mi lórí níbẹ̀ ju ẹwà ẹ̀ lọ. Láíbìrì ńlá àárín kámpọ́ọ̀sì ni wọ́n fi orúkọ Olúwasanmí pè, ó tọ́ sí i.

Àmọ́ ilé nìkan kọ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjì sí ìsàlẹ̀ àmì ẹ̀yẹ yunifásítì, ẹ̀kọ́ àti àṣà, wọ́n sì fi ìwà gbè é lẹ́yìn. Ní 1968 wọ́n ṣí ibùdó Orí Olókun, kì í ṣe inú kámpọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé e sí, àárín ìlú Ifẹ̀ ni, níbi tí ará àdúgbò á ti rìn wọlé wá wòran, tí òun náà á sì lè dára pọ̀. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti gbé eré tó mú jáde látinú ìtàn àwọn ará Gíríìkì sórí pèpéle, tó sọ ọba Gíríìkì di ọba Yorùbá. Akin Euba ń ṣiṣẹ́ lórí orin, àwọn ayàwòrán ń gbẹ́gi, wọ́n ń ya àwòrán. Àwọn tó ń ṣeré ò sì fi dandan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá Ṣóyínká padà wá, ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ títí di 1985, ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba Nobel.

Nǹkan kan wà nípa Ṣóyínká àti Ifẹ̀ tí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ nígbà yẹn ń pa èèyàn bí ẹní pa ẹran, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń kú. Inú ìbànújẹ́ yẹn ló ti dìde, ní 1977 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ lábẹ́ ìdarí ẹ̀, torí Ifẹ̀ ṣì wà nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Látara ìyẹn ni Road Safety tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú títì káàkiri Nàìjíríà ti wá, ní 1988, òun náà ni alága àkọ́kọ́. Torí náà nígbàkígbà tí wọ́n bá dá yín dúró béèrè bẹ́líìtì, ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ ló bá yín níbẹ̀ yẹn.

1975 ni ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì lọ́wọ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Ìjọba ológun ni, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé owó epo rọ̀bì ti pọ̀ nígbà yẹn, pé ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi ò gbà. Kí wọ́n tó gbà á, ẹni tó fowó ẹ̀ kọ́ ọ wà nítòsí, ó lè rìn wá béèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, Èkó la ti ń retí owó, nígbà tó yá Àbújá. Kẹ́ ẹ sì wo ìyà tó ti jẹ àwọn ọmọ látìgbà yẹn, kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan, gbogbo yunifásítì ìjọba: ní 2020 sítíráìkì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní March, ó di December kí wọ́n tó wọlé. Ní 2022, February ni wọ́n jáde, October ni wọ́n tó padà. Ọmọ tó wọlé fún ọdún márùn-ún ń lo méje. Àwọn olùkọ́ ń bá ìjọba àpapọ̀ fà á, ọmọ tí wọn ò bi ló ń jókòó sílé.

Orúkọ yí padà ní 1987. May 9 ni Awólọ́wọ̀ kú, May 12 ìjọba Babangida kéde pé University of Ife ti di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ University. Wọn ò mú Great Ife kúrò lẹ́nu wa pẹ̀lú ẹ̀.

Tí mo bá wá débi ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n rọra. Ẹ wo orúkọ àwọn họ́sítẹ̀lì wa: Mọrèmi, Fájuyì, Awo, Angola, Mozambique. Mọrèmi tó yọ Ifẹ̀ nínú ìgbèkùn, Fájuyì gómìnà tó bá àlejò ẹ̀ kú n'Íbàdàn ní July 1966, àti orílẹ̀-èdè méjì tó gba òmìnira lọ́wọ́ Potogí ní 1975. Ọmọ tó ń sùn nínú irú orúkọ báwọ̀nyí, kò lè ya èèyàn lẹ́nu tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ìpàdé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn tá à ń pè ní Amphi, mo ṣì máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn pé n kò tíì rí irú ẹ̀ mọ́ láyé mi: ààrẹ yúníọ̀nù á dúró síwájú, ọmọ Part 1 á na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn, á bi í léèrè owó, ààrẹ á sì dáhùn, tí ìdáhùn ò bá mọ́gbọ́n dání gbogbo ilé á pariwo lé e lórí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èèyàn lè di ipò mú kó sì máa jíhìn.

Àìgbà yẹn ló sì gba ẹ̀mí. Ní March 1999 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn pẹ̀lú ohun ìjà, wọ́n fà wọ́n fún ọlọ́pàá, wọ́n ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe, ẹjọ́ yẹn ò sì lọ ibì kankan. Ní July 10, lóru, àwọn apànìyàn ya wọ Awo Hall, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade tí gbogbo èèyàn ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà yúníọ̀nù, ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, wà nínú wọn. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé kí ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fara ya, wọ́n ní àwọn ò ní fi kámpọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún apànìyàn, ìjọba sì dá Vice-Chancellor ìgbà yẹn dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí dòní July 10 kì í ré kọjá kí wọ́n má rántí wọn. Àwa tá a dé lẹ́yìn wọn, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yẹn la rìn lé, ká má purọ́.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó sún mọ́ mi lọ́kàn jù sí ìsàlẹ̀ yìí, torí èmi, ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mo kà níbẹ̀. Ẹ̀ka tí Wándé Abímbọ́lá àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti kọ́ èèyàn. Ẹ sì tún wò ó o, Abímbọ́lá tó jẹ́ babaláwo, Àwíṣẹ Àgbáyé, ló ṣe Vice-Chancellor Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989! Níbo lẹ tún ti gbọ́ ọ? Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo fi Yorùbá kọ ìdánwò gidi, tí mo fi ń jiyàn, tí mo fi ń ṣàlàyé gírámà, ńbẹ̀ ni.

Àmọ́ iṣẹ́ tó tóbi jù tí Ifẹ̀ ṣe fún Yorùbá, kì í ṣe inú kámpọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ṣe é, inú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣáájú ẹ̀. Ní 1970, ní iléèwé St. Stephen's 'A', wọ́n kó àwọn ọmọ wọlé, wọ́n ní Yorùbá la máa fi kọ́ àwọn wọ̀nyí ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ nípa àwùjọ, gbogbo ẹ̀. Òyìnbó náà wà o, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara ẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn. Wọ́n wá ní ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n ń kọ́ bí ìjọba ṣe ń kọ́ni, Yorùbá ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn ẹ̀ Òyìnbó ló kù. Ìwé ò sí nílẹ̀, wọ́n jókòó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lò fún sáyẹ́ǹsì ò sí, wọ́n wá a. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìdánwò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé tayọ àwọn tó kù, ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì, kódà nínú Òyìnbó fúnra ẹ̀. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ford Foundation láti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó fowó sí i, àwọn onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ káàkiri ayé sì ń tọ́ka sí i títí dòní bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ èdè abínibí.

Ilé wa ńkọ́? Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1990, ó sì kú ní 2010 láìrí i kí wọ́n gbé e ró. Ní November 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo pe àwọn tá a jọ kàwé. November 2025 wọ́n ní àwọn ti fagi lé e, pé Òyìnbó ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn, pé èdè abínibí ló ń mú kí àwọn ọmọ fìdí rẹmi. Àádọ́ta ọdún ó lé lẹ́yìn tí wọ́n ti dán an wò ní Modákẹ́kẹ́! Ó dùn mí gan-an ni. Ẹ̀rí yẹn wà nílẹ̀, lédè wa, lórí ọmọ wa, ọwọ́ yunifásítì wa ló sì ti jáde.

Àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì yẹn ní 1970 á ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Mo ti ń wá wọn. Tẹ́ ẹ bá wà lára wọn, tàbí bàbá yín tàbí ìyá yín wà níbẹ̀, ẹ dákun ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe kọ́ yín ní sáyẹ́ǹsì, orúkọ tí wọ́n pe àwọn nǹkan, bó ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ dé sẹ́kọ́ńdírì láàárín àwọn ọmọ tó fi Òyìnbó kàwé. Ẹni tó bá sì ṣì ní ìwé yẹn nílé, ì báà ti ya, ẹ bá mi ya fọ́tò ojú ewé ẹ̀ ránṣẹ́.